Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Iṣẹ́ Àkànṣe Yín Kíákíá Nínú Àkójọ Redmine

Bọ́hóòlù ní Ìdànrè, kíláàsì mẹ́ta ní Ọ̀wọ̀, gọ́tà ní Ìjọ̀ọ́kà, ilé ìwòsàn kékeré ní Ìgbàrà-Òkè. Ọ́fíìsì tó ń gba irú iṣẹ́ báyìí ní Àkúrẹ́ kì í pẹ́ rárá kí iṣẹ́ tó pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, débi pé ẹni tó fẹ́ ṣí ẹyọ kan á máa fa ojú ewé wálẹ̀, á máa ka orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá orúkọ ọmọ rẹ̀ lára pátákó èsì ìdánwò. Àkójọ iṣẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń fi ojú tú. Ìbéèrè la ń bi í: "Èwo ló wà ní Ìdànrè tí a kò tíì parí?" Yóò dáhùn lójú ẹsẹ̀, bí a bá ti fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lórúkọ tó yẹ ẹ́, tí a sì ti pa èyí tó parí dé.

Redmine, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tọ́jú àkójọ iṣẹ́, la fi ṣe àpẹẹrẹ níbí. Jean-Philippe Lang ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2006, ọ̀fẹ́ ni, ọ́fíìsì sì lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ láìsan dọ́là kankan lórí orí òṣìṣẹ́. Ẹ̀dà 5 ni a ń sọ nípa rẹ̀. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ kò ní gbogbo ohun tó wà níbí. A ó kọ orúkọ bọ́tìnì bí ẹ ṣe máa rí i lójú ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá ń lo ti Gẹ̀ẹ́sì.

Ojú ewé àkójọ

Ẹ wọlé pẹ̀lú orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín. Ní òkè pátápátá, lápá òsì, ẹ ó rí "Home", "My page", "Projects". Ẹ tẹ "Projects". Bí fóònù lẹ bá ń lò, gbogbo èyí wà lábẹ́ bọ́tìnì onílà mẹ́ta tó wà lókè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ó tó yọ.

Ohun tó máa kọ́kọ́ hàn yín ni gbogbo iṣẹ́ tó ṣì ń lọ tí ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí, iṣẹ́ kéékèèké sì máa ń wọlé díẹ̀ lábẹ́ iṣẹ́ ńlá tó bí wọn. Ẹ óò rí àmì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ àwọn kan: ọ̀kan ń sọ pé ẹ wà lára àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, èkejì ń sọ pé ẹ ti sàmì sí i fúnra yín. Àlàyé àwọn àmì méjèèjì wà ní ìsàlẹ̀ ojú ewé.

Ọ̀nà méjì ni Redmine ní láti fi àkójọ hàn. "Board" ni èyí tó ń fi iṣẹ́ hàn bí igi àti ẹ̀ka, pẹ̀lú àpèjúwe kúkúrú lábẹ́ orúkọ. "List" ni ti tábìlì, tó ní òpó-òpó. Ẹ tẹ "Options" kí ó ṣí, ẹ mú "List" níbi tí a kọ "Display results as" sí, kí ẹ sì tẹ "Apply". Níbẹ̀ kan náà lẹ ti lè yan òpó tí ẹ fẹ́: ẹ tẹ orúkọ òpó lápá òsì, ẹ fi ọfà tì í sápá ọ̀tún. Fún iṣẹ́ ojoojúmọ́, tábìlì la fara mọ́, torí pé bí ẹ bá tẹ orí òpó kan, gbogbo ìlà á to ara wọn bí òpó náà ṣe wí. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, á yí padà láti ìsàlẹ̀ sókè. Àmọ́ ẹ kíyè sí ohun kan nípa tábìlì: ó máa ń pín àkójọ sí ojú ewé, ìlà 25 lójú ewé kan bí alábòójútó Redmine yín kò bá yí i padà. Iṣẹ́ tí ẹ rò pé ó sọnù lè wà lójú ewé kejì. Ẹ wo ìsàlẹ̀, ẹ tẹ 50 tàbí 100.

Àpótí tó ń gbé yín lọ tààrà

Ní òkè lápá ọ̀tún, àpótí kan wà tí a kọ "Jump to a project..." sí. Àpótí yìí ló yá jù nínú gbogbo Redmine, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni kì í sì í fọwọ́ kàn án. Ẹ tẹ̀ ẹ́: iṣẹ́ tí ẹ sàmì sí á wà lókè, àwọn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí á tẹ̀ lé e, àwọn yòókù á wà nísàlẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò máa dín àkójọ kù bí ẹ ṣe ń tẹ̀. Ẹ tẹ "ida", Ìdànrè á jáde.

Ìdí tó fi ń rí i ni pé ibi méjì ló ń wò: orúkọ iṣẹ́ àti ohun tí Redmine ń pè ní "Identifier", ìyẹn orúkọ kúkúrú tó máa ń hàn nínú àdírẹ́sì lókè bùráúsà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Láti sàmì sí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣí lójoojúmọ́, ẹ ṣí i, ẹ lọ sí "Overview" rẹ̀, ẹ wo òkè lápá ọ̀tún, ẹ tẹ "Add bookmark". Ẹ má ṣe sàmì sí ju mẹ́fà tàbí méje lọ. Ẹni tó bá sàmì sí ogún ti padà síbi tó ti ń bọ̀. Bí iṣẹ́ bá sì ti parí lọ́dọ̀ yín, ẹ yọ àmì rẹ̀ kúrò níbẹ̀ kan náà.

Sísẹ́ àkójọ

Ní ojú ewé "Projects", ẹ tẹ "Filters". Ọ̀kan ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: "Status", tí ó sọ pé "is active". Òun ló fà á tí iṣẹ́ tí a ti pa dé kì í fi í hàn. Láti fi òmíràn kún un, ẹ ṣí àpótí "Add filter" lápá ọ̀tún kí ẹ sì yan ohun tí ẹ fẹ́.

Ká ní iṣẹ́ tí ẹ dá sílẹ̀ láàárín oṣù kan sẹ́yìn ní Ọ̀wọ̀ lẹ fẹ́. Ẹ fi "Name" kún un, ẹ yan "contains", ẹ kọ Ọ̀wọ̀. Ẹ fi "Created" kún un, ẹ yan "less than days ago", ẹ kọ 30. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ "Apply". Bí ẹ kò bá tẹ "Apply", kò sí ohun tó yí padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń sọ pé kò ṣiṣẹ́: wọ́n ti kọ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n wá ń dúró.

Gbogbo ohun tí ẹ bá fi kún un ni iṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ bá mu kó tó hàn. Bí ẹ bá fi "Name" sọ pé Ọ̀wọ̀, tí ẹ sì fi "Subproject of" sọ pé iṣẹ́ ńlá kan tó jẹ́ ti Òkìtìpupa, òfo lẹ ó bá. Bí ó bá ti kọ "No data to display", ẹ yọ àmì tó wà níwájú ọ̀kan kúrò, ẹ tẹ "Apply", ẹ wò ó bóyá nǹkan jáde, kí ẹ tó yọ ìkejì. "Clear" ń dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà níbẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ti tẹ "Apply", ẹ wo àdírẹ́sì tó wà lókè bùráúsà. Gbogbo ìbéèrè yín ti wà nínú rẹ̀. Ẹ lè ṣẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà ní sáìtì lórí WhatsApp; bí ó bá tẹ̀ ẹ́, tó sì wọlé, àkójọ tí a ti sẹ́ ló máa bá. Iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rí nìkan ló máa hàn án o, torí náà ẹ má ṣe bínú bí ó bá ní mẹ́rin lòun rí, tí ẹ̀yin rí mẹ́fà.

Orúkọ iṣẹ́, àmì ohùn, àti ohun tó ń bà á jẹ́

Ibí yìí ni ìṣòro tó pọ̀ jù ti ń wá fún àwa tí a ń kọ Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i.

Ẹni kan á dá iṣẹ́ sílẹ̀, á kọ "Ọ̀wọ̀". Ẹlòmíì á kọ "Owo". Ẹnì kẹta á kọ "Ọwọ" pẹ̀lú àmì abẹ́ láìsí àmì ohùn. Lójú ènìyàn, ìlú kan náà ni. Lójú dàtábéèsì, ìyẹn ibi tí Redmine ń kó gbogbo ohun tí ẹ kọ pamọ́ sí, ó lè jẹ́ mẹ́ta. Bí wọ́n ṣe ṣètò dàtábéèsì tí Redmine yín jókòó lé ló máa sọ bóyá á fojú fo àmì tàbí kò ní fojú fò ó: MySQL, tó jẹ́ irú dàtábéèsì kan, lè gbà wọ́n bí ọ̀kan; PostgreSQL, irú mìíràn, kì í gbà bẹ́ẹ̀ àfi bí a bá ṣètò rẹ̀.

Ó tún kù. "ó" ní kóòdù tirẹ̀ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà kan nínú Unicode, ìyẹn ètò kóòdù tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n "ọ̀" kò ní. Lẹ́tà "ọ" ni a máa ń kọ, tí a ó wá gbé àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e lórí. Àwọn kíbọ́ọ̀dù kan tún máa ń pín "ọ" fúnra rẹ̀ sí "o" àti àmì abẹ́. Fóònù méjì lè kọ "Ọ̀wọ̀" kó rí bákan náà lójú, kí kóòdù inú wọn yàtọ̀, kí "Name contains" má sì rí i. Ẹni tó ń wá a kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ní ká sá fún àmì ohùn. Orúkọ ìlú wa yẹ kó pé lójú ẹ̀rọ. Ohun tí a ń ṣe ni pé ká lo "Identifier" dáadáa. Redmine kì í gba àmì kankan síbẹ̀: lẹ́tà kékeré láti a dé z, nọ́ńbà, àmì - àti àmì _ nìkan ló ń gbà, láti lẹ́tà 1 dé 100. Nítorí náà gbogbo òṣìṣẹ́ ló máa kọ ọ́ bákan náà, àpótí "Jump to a project..." sì ń wò ó. Ìlànà tí a dámọ̀ràn nìyí:

Orúkọ: Ìdànrè – bọ́hóòlù ilé ẹ̀kọ́ – 2025
Identifier: idanre-borehole-2025

Ìlú ló ṣáájú, irú iṣẹ́ tẹ̀ lé e, ọdún ló kẹ́yìn. Bí ìlú bá ṣáájú, tí ẹ bá tẹ orí òpó "Name", gbogbo iṣẹ́ Ìdànrè á wà papọ̀. Bí irú iṣẹ́ bá ṣáájú, bọ́hóòlù gbogbo ìpínlẹ̀ á kó ara wọn jọ, ẹ ó sì máa wá ìlú káàkiri. Ọ́fíìsì tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹyọ irú kan ṣoṣo, bí àwọn tó ń gbẹ́ bọ́hóòlù nìkan, kò tiẹ̀ nílò irú iṣẹ́ nínú orúkọ. Kí wọ́n fi orúkọ àdúgbò rọ́pò rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o: bí a bá ti fi "Identifier" pamọ́, a kò lè yí i padà mọ́. Orúkọ ṣeé tún kọ nígbàkúgbà ní "Settings" iṣẹ́ náà, "Identifier" kò ṣeé tún kọ. Redmine máa ń mú un jáde fúnra rẹ̀ láti inú orúkọ tí ẹ bá ń kọ, àwọn lẹ́tà tó ní àmì sì lè jáde ní ọ̀nà tí ẹ kò fẹ́. Ẹ ka ohun tó kọ kí ẹ tó tẹ "Create".

Ohun kan tún wà tó kan Ìpínlẹ̀ Òǹdó. Òǹdó jẹ́ ìlú, ó tún jẹ́ ìpínlẹ̀. Bí àwọn kan bá ń kọ "Ìpínlẹ̀ Òǹdó" sínú orúkọ iṣẹ́, ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìlú Òǹdó á rí ti Ọ̀rẹ̀, ti Ìkàrẹ́ àti ti Òkìtìpupa pẹ̀lú. Ẹ má ṣe kọ orúkọ ìpínlẹ̀ sínú orúkọ iṣẹ́ rárá. Gbogbo yín mọ ìpínlẹ̀ tí ẹ wà.

Òpó ìjọba ìbílẹ̀

Orúkọ nìkan kò tó fún ọ́fíìsì tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri ìpínlẹ̀. Alábòójútó Redmine yín lè dá òpó tuntun sílẹ̀ fún ìjọba ìbílẹ̀. Kí ó lọ sí "Administration", "Custom fields", "New custom field", kí ó mú "Projects". Níbi "Format", kí ó yan "List". Kí ó kọ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún Ìpínlẹ̀ Òǹdó sínú "Possible values", ọ̀kan lórí ìlà kan, láti Akoko North-East dé Owo. Kí ó wá fi àmì sí "Used as a filter". Bí ó bá gbàgbé àmì yìí, òpó náà á wà, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí i nínú "Add filter", ẹnikẹ́ni ò sì ní mọ ìdí rẹ̀.

Ẹ fi orúkọ tí ìjọba ń lò sí i, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sórí ìwé, torí pé ohun tó wà nínú lẹ́tà kọńtíráàtì ni ẹ ó fi wé e. Kì í ṣe ojú tí ẹ fi ń wo ìlú lẹ máa fi yan ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀bá-Ilé ni àpẹẹrẹ rẹ̀: ó ti so mọ́ Àkúrẹ́ débi pé ẹni tó ń wakọ̀ kọjá kò ní mọ ìgbà tó kúrò níbì kan wọ ìkejì, ṣùgbọ́n Akure North ló wà, kì í ṣe Akure South. Akure North ni Ìtà-Ògbólú náà wà. Ẹni tó bá fi wọ́n sábẹ́ Akure South, iṣẹ́ wọn kò ní hàn nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìròyìn fún Akure North. Ọ̀rẹ̀ wà lábẹ́ Odigbo, Ìgbàrà-Òkè lábẹ́ Ifedore, ìlú Òǹdó lábẹ́ Ondo West.

Iṣẹ́ tó ti wà kí a tó dá òpó yìí sílẹ̀ kò ní ní nǹkan kan níbẹ̀. Láti rí wọn, ẹ fi òpó ìjọba ìbílẹ̀ kún "Filters", ẹ yan "none", ẹ tẹ "Apply". Àwọn tó bá jáde ni ẹ máa kún, lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú "Settings" wọn. Ẹ ṣe é títí tí "none" kò fi ní mú ohunkóhun jáde mọ́. Bí ẹ bá fi mẹ́ta sílẹ̀, mẹ́ta yẹn ni ọ̀gá máa béèrè.

Pípa ìbéèrè mọ́

Ìbéèrè tí ẹ ń béèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò yẹ kí ẹ máa kọ ọ́ lákọ̀tun. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sẹ́ àkójọ, tí ẹ sì ti yan òpó, ẹ tẹ "Save custom query", ẹ fún un lórúkọ, bí "Ìdànrè – ó ń lọ". Ẹ tẹ "Save". Láti ìgbà náà, ẹ ó máa rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún ojú ewé "Projects", lábẹ́ "My custom queries". Lórí fóònù, inú bọ́tìnì onílà mẹ́ta yẹn náà ló wà. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ lè yan pé kí gbogbo èèyàn máa rí ìbéèrè náà. Ìyẹn dára fún ìpàdé ọjọ́ Ajé, kí gbogbo ọ́fíìsì lè máa wo àkójọ kan náà.

Pípa iṣẹ́ tó parí dé

Bí a kò bá pa iṣẹ́ tó parí dé, kò sí bí a ṣe lè sẹ́ àkójọ tó máa mọ́. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ á ṣí "Overview" iṣẹ́ náà, á tẹ "Close". Iṣẹ́ tí a pa dé ṣeé kà, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi nǹkan kún un tàbí yí i padà. Kò sọnù. Láti rí i, ẹ yí "Status" padà sí "closed".

Ohun méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá pa iṣẹ́ ńlá dé, gbogbo iṣẹ́ kéékèèké abẹ́ rẹ̀ ló máa pa dé pẹ̀lú, títí kan èyí tí ẹ ṣì ń ṣe lọ́wọ́. Bí ẹ bá sì tẹ "Reopen", gbogbo wọn á ṣí, àti èyí tí ẹ ti pa dé tipẹ́. Nítorí náà ẹ pa àwọn kékeré dé lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń parí, kí ẹ fi ti ńlá sẹ́yìn. "Archive" yàtọ̀: alábòójútó ló ń ṣe é, ó sì ń mú iṣẹ́ kúrò lójú gbogbo èèyàn pátápátá. A kò gbà yín níyànjú láti lò ó fún iṣẹ́ tí àkókò ìdánilójú rẹ̀ kò tíì pé. Oníbàárà lè pè nípa ògiri tó ń ya, kí ẹ má sì rí ìwé rẹ̀.

Bí iṣẹ́ kò bá hàn

Ẹ tẹ̀ lé e báyìí. Ẹ wo orúkọ tó wà lókè lápá ọ̀tún: ṣé àkáǹtì tiyín ni, àbí ti ẹni tó lo kọ̀ǹpútà kẹ́yìn? Ẹ tẹ "Clear". Ẹ wo ìsàlẹ̀ bóyá ojú ewé ju ẹyọ kan lọ. Ẹ yí "Status" sí "closed". Ẹ lo àpótí òkè, ẹ kọ orúkọ ìlú láìsí àmì. Bí kò bá sí nínú gbogbo èyí, ó ku méjì: yálà wọn kò fi orúkọ yín sínú "Members" iṣẹ́ náà, tí kì í sì í ṣe "Public", tàbí wọ́n ti gbé e sí "Archive". Alábòójútó nìkan ló lè dá yín lóhùn, ẹ sì sọ "Identifier" fún un, ẹ má ṣe sọ "iṣẹ́ Ìdànrè yẹn".

Kí alábòójútó náà wo "Public" dáadáa. Àmì máa ń wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí a bá ń dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀, bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ti yí i padà nínú ètò. Iṣẹ́ tó ní owó àti orúkọ oníbàárà nínú kò yẹ kó wà bẹ́ẹ̀.

Gbígbé àkójọ jáde fún ìpàdé

Nígbà tí àkójọ bá ti wà bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ lọ sí ìsàlẹ̀ tábìlì, ẹ tẹ "CSV", ìyẹn irú fáìlì tábìlì tí Excel lè ṣí. Bí ó bá béèrè irú kóòdù lẹ́tà tí ẹ fẹ́, ẹ yan UTF-8, torí pé òmíràn lè sọ "Ọ̀wọ̀" di àmì ìbéèrè. Ẹ má ṣe tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀méjì láti ṣí i nínú Excel. Ẹ ṣí Excel lákọ̀ọ́kọ́, ẹ lọ sí "Data", "From Text/CSV", ẹ mú fáìlì náà, ẹ yan "65001: Unicode (UTF-8)" níbi "File Origin", ẹ sì tẹ "Load".